Bí Mo Ṣe Kọ̀ Láti Dáhùn Nínú Igbó Mádàáhùn

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó wú u tán nísinsìnyí, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò fẹ́ ìdádúró. Èmi ni Sílásì Ọdẹ́tọ́lá, ọdẹ tó jẹ́ pé bí ẹfọ̀n bá gbóòórùn rẹ̀, á pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ, á pín ogún fún wọn. Bí mo bá wọ igbó láàárọ̀, ìgalà a máa dágbére fún aya rẹ̀, ọ̀bọ a máa sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó má ṣeré jìnnà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí n kò bá yin ara mi, ta ni yóò yìn mí? Ìyàwó mi Dọ́káàsì? Ẹ̀yin náà mọ Dọ́káàsì. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbọ́ tó yìn mí, èébù ló sì fi parí ìyìn náà.

N kò ní í fi bí mo ṣe jí àti ohun tí mo jẹ dà yín láàmú. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni ìpàdé ìkórè ní ìjọ wa. Ìjọ aláṣọ funfun ni à ń lọ, ẹ sì mọ òfin wa: ẹni tó bá ti wọ sùtánà, aṣọ àdúrà, kò gbọdọ̀ wọ bàtà. Níbi ìpàdé náà, oníkálukú ń sọ ohun tí yóò mú wá fún Olúwa, ọ̀kan ní iṣu, ọ̀kan ní àgbébọ̀. Ọdẹ́yalé, ọdẹ ẹlẹgbẹ́ mi, tí ẹnu rẹ̀ mú ju àdá rẹ̀ lọ, ló wá dìde tó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka ẹran ìgbẹ́ mọ́ ohun tí Sílásì yóò mú wá. Láti ìgbà tó ti di ẹni ìjọ ni gbogbo ẹran inú igbó ti ń sanra." Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín, wòlíì pàápàá fi ìwé bojú. Inú mi ru. Mo dìde, mo ní, "Ẹfọ̀n ni n óò gbé wá! Sùtánà tó wà lọ́rùn mi yìí gan-an ni n óò sì wọ̀ pa á, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé Ọlọ́run tí mo ń sìn kò ní kí ọdẹ sọ ọwọ́ nù!"

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ìlérí ṣe fún mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo wọ sùtánà mi tó funfun báláú, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo fi ìwo ọdẹ kọ́ ọrùn, mo sì ń jáde lọ. Dọ́káàsì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́.

Ó ní, "Bàbá Ìyanu, ẹsẹ̀ lásán lẹ fẹ́ fi wọ igbó?"

Mo ní, "Ẹni tó wọ sùtánà kò gbọdọ̀ wọ bàtà. Ìwọ náà kò mọ òfin ni?"

Ó ní, "Ẹ bọ́ sùtánà náà, kí ẹ wọ bàtà."

Mo ní, "Mo ti ṣèlérí níwájú ìjọ."

Ó ní, "Ọlọ́run tí mo mọ̀ kò bínú sí bàtà nínú igbó. Ilé Rẹ̀ ni a kì í wọ bàtà wọ̀. Ṣé ilé Rẹ̀ ni igbó Mádàáhùn?" Mo ní gbogbo ayé ni ilé Rẹ̀. Ó ní ó dáa, bí ejò bá ti rí mi kí n ṣe àlàyé yẹn fún un. Ẹ̀yin ará, obìnrin yìí a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti rí ọ̀la, ohun tó sì ń dùn mí níbẹ̀ ni pé ó sábà máa ń rí i lóòótọ́.

Kí n tó wọ igbó náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí a fi ń pè é ní Mádàáhùn. Ìwà kan wà lọ́wọ́ àwọn ohun abàmì inú rẹ̀: wọn a máa fi ohùn ẹni tí o mọ̀ pè ọ́ lórúkọ, bí o bá sì dáhùn, o di tiwọn. Nítorí náà ni ọdẹ kì í fi í dá ohùn tí kò rí ẹni tó ni ín lóhùn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi a fara pamọ́ sẹ́yìn igi, a pè mí. Bí mo bá dáhùn, pàṣán ni. Ẹ̀kọ́ náà wọ̀ mí lára dé ibi pé nílé pàápàá n kì í dáhùn mọ́, ni ìyá mi bá tún ń nà mí nítorí àìdáhùn. Bí mo ṣe dàgbà nìyẹn, ẹgba tọ̀túntòsì.

Mo wọ igbó. Kò pẹ́ ni mo rí ipasẹ̀ ẹfọ̀n lẹ́bàá odò, kò sì pẹ́ sí i tí mo rí ẹfọ̀n fúnra rẹ̀, ó dúró gbagidi, ó ń jẹ̀. Mo rọra gbé ìbọn sókè. Mo gbé ẹsẹ̀ òsì síwájú, n kò wo ilẹ̀, nítorí ojú mi ti wà níbi ìkórè, mo ti ń gbọ́ bí ìjọ ṣe ń pàtẹ́wọ́. Ohun tí mo tẹ̀ rọ̀. Ewé gbígbẹ kì í rọ̀ bẹ́ẹ̀. Paramọ́lẹ̀ ni! Ó yí orí padà, ó bù mí jẹ lẹ́yìn ẹsẹ̀, ìbọn sì dún sójú ọ̀run. Ẹfọ̀n wẹ̀yìn wò mí bí ẹni tó fẹ́ kí mi kú ewu, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹ̀rù bà mí. Ìrora náà gun orí ẹsẹ̀, ó dé orúnkún, ẹsẹ̀ mi sì ń wú lójú mi bí ìyẹ̀fun tí a fi ìwúkàrà sí. Òógùn bò mí. Mo mọ̀ pé bí n kò bá rí ẹni gbé mi kúrò níbẹ̀ kí ọjọ́ tó lọ, ikú ló kàn. Nínú iṣẹ́ ọdẹ tiwa, ẹni tó bá yìnbọn tó pẹran a fọn ìwo. Ẹni tó bá tàsé a súfèé, kí àwọn ọdẹ yòókù lè mọ̀ pé ó wà láàyè, kí wọ́n sì rí i fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo wá ìwo, ó ti já bọ́ sínú odò. Mo ká ètè pọ̀ láti súfèé, èébì ló jáde. Mo wọ́ ara mi dé abẹ́ igi àràbà kan tí gbòǹgbò rẹ̀ ga bí ògiri, mo sùn sáàárín gbòǹgbò méjì, mo sì ń retí.

Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí àwọn ewé pín sí méjì tí ẹ̀dá kan yọ. Orí rẹ̀ tó ilé oyin, ojú kan wà níwájú rẹ̀, èkejì wà lẹ́yìn orúnkún, bí ó bá sì fẹ́ wo ẹ̀yìn, á kọ́kọ́ ká ṣòkòtò sókè. Ó gbé ọ̀bẹ kan dání tó gùn ju ìpọ́njú lọ. Ó tẹ́jú mọ́ sùtánà mi, ó sì tẹrí ba.

Ó ní, "Ẹ kú àbọ̀ o, aláṣọ funfun. Ìgbà wo lẹ kú?"

Mo ní, "N kò tíì kú."

Ó ní, "Kí ló dé tí ẹ wá ti múra sílẹ̀?" Nígbà tó wá rí i pé mo ń mí lóòótọ́, gbogbo ọ̀wọ̀ bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Áà, alààyè lásán ni ọ́! Èmi ni Agékúrò, oníṣègùn igbó yìí. Kò sí àìsàn tí mo wò tó tún padà wá."

Ẹni méjì ló tẹ̀ lé e. Ní tòótọ́, n kò mọ̀ bóyá ẹni méjì ni kí n pè wọ́n tàbí ẹyọ kan. Ọ̀kan ti wá sọ́dọ̀ rẹ̀ pé orí ń fọ́ òun, Agékúrò sì gé orí náà kúrò. Èkejì wá pé inú ń run òun, Agékúrò sì gé inú kúrò títí kan gbogbo ohun tó yí i ká, ó wá ku orí nìkan. Ni orí tí kò ní ikùn bá gun ọrùn ikùn tí kò ní orí, wọ́n sì jọ ń gbé. Ìjà ni láti àárọ̀ dé alẹ́: orí fẹ́ iyọ̀, ikùn kò fẹ́ iyọ̀.

Agékúrò tẹ ẹsẹ̀ mi wò, ó ní, "Ó wú. Láti ìbàdí ni n óò ti gé e." Mo ní kó jọ̀wọ́, ṣé kò ní egbòogi kan ni? Ó ní egbòogi kì í jẹ́ kí ọ̀bẹ ríṣẹ́ ṣe. Mo bá rántí pé àwọn ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn àlọ́ ju oúnjẹ lọ. Mo ní, "Pa àlọ́ fún mi. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, o kò ní gé mi." Ojú iwájú rẹ̀ tàn yanran, ti ẹ̀yìn orúnkún náà sì ṣẹ́jú.

Ó ní, "Ó ń wọlé kò kan ilẹ̀kùn, ó gbé ọba ṣubú kò jẹ̀bi."

Mo ní, "Oorun ni."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Òun fúnra rẹ̀ ni. Ó ti ń gbé mi láti ẹ̀ẹ̀kan."

Ó ní, "Ọmọ ìyá méjì ń lé ara wọn láti kékeré. Bí ọ̀kan bá síwájú, èkejì á kọjá rẹ̀, kò sì sí ẹni tó borí rí."

Mo ní, "Ẹsẹ̀ méjèèjì ni. Jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè, oníṣègùn. Bí o bá gé ọ̀kan, ta ni èkejì yóò máa lé?"

Agékúrò wo ẹsẹ̀ mi kejì, ó wo ọ̀bẹ rẹ̀. Ó hàn pé kò rò ó rí. Orí tó wà lọ́rùn ẹlòmíràn bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun ti ń wí i tipẹ́ pé ó yẹ kí wọ́n máa ro nǹkan kí wọ́n tó gé e. Ìtìjú mú oníṣègùn, inú bí i, ó gbé ọ̀bẹ sókè láìka àlọ́ sí. Ẹ̀yin ará, gbogbo ọgbọ́n tán lórí mi. Ohun tó jáde lẹ́nu mi kò gùn: "Jésù!" Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Agékúrò, ó fò sẹ́yìn, ó ń fi ọwọ́ pa ètè.

Ó ní, "Má pe orúkọ yẹn níwájú àwọn aláìsàn mi! Bíi iṣu gbígbóná ló rí lẹ́nu àwa, a kò lè pè é, a kò lè yìn ín, a kò sì fẹ́ gbọ́ ọ." Ó he ọ̀bẹ rẹ̀. "Ó dáa, mo fi ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n n óò lọ yá ohùn ẹni tó mọ orúkọ rẹ. Bí mo bá fi pè ọ́ tí o dáhùn, tèmi ni ọ́ láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀." Ó wọ inú ewé lọ. Orí àti ikùn tẹ̀ lé e, wọ́n sì ń jiyàn ọ̀nà tí wọn yóò gbà.

Kò pẹ́ ni mo gbọ́ ohùn Dọ́káàsì. Ó dùn bí oyin: "Sílásì, olówó orí mi, adé orí mi, ọkọ mi àtàtà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn." Ká ní n kò ṣàìsàn ni, ǹ bá rẹ́rìn-ín. Adé orí ta ni? Mo pa ẹnu mọ́. Ohùn náà pè títí ó fi rẹ̀ ẹ́, mo sì gbọ́ tí Agékúrò ń sọ fún ara rẹ̀ lẹ́yìn igi pé ilé tí òun ti yá ohùn náà kò sọ òótọ́ fún òun.

Nígbà tí oòrùn ti ń rọlẹ̀, tí ẹsẹ̀ mi ti dúdú títí dé itan, mo tún gbọ́ ohùn: "Bàbá Ìyanu! Bàbá Ìyanu o! Olórí kunkun! Níbo lẹ wà?" Ẹ wo bí ọgbọ́n ṣe fẹ́ pa mí. Ohùn Dọ́káàsì gan-an ni, èébù Dọ́káàsì gan-an ni, ṣùgbọ́n mo ní nínú ara mi pé, "Háà, Agékúrò, o ti lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i!" Mo gbọ́ ohùn Ọdẹ́yalé tó ń wí pé, "Ìyá Ìyanu, a kì í pe ọdẹ lórúkọ nínú igbó yìí, kò ní í dáhùn." Mo gbọ́ tí ohùn Dọ́káàsì ní, "Òfin yín kọ́ ni mo fẹ́, ọkọ mi ni mo fẹ́." Mo wá tún ní nínú ara mi pé iwin yìí mà gbọ́n o, àní ó yá ohùn Ọdẹ́yalé mọ́ ọn! Wọ́n kọjá lẹ́yìn gbòǹgbò tí mo sùn sí, ká ní mo na ọwọ́ ni, ǹ bá fà á láṣọ. Èmi ọdẹ ńlá, mo ki sùtánà bọ ẹnu kí n má baà ṣèèṣì dáhùn. Wọ́n kọjá lọ. Mo sì yọ̀! Mo kí ara mi kú oríire.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Bí ohùn náà ṣe ń jìnnà, mo yọ sùtánà kúrò lẹ́nu. Mo gbọ́ tí ohùn tó ń búni náà fọ́, tó di ẹkún. Agékúrò kò sọ fún mi pé òun mọ ẹkún sun. Mo fẹ́ kígbe nísinsìnyí, ahọ́n ti wúwo, oorun tó ń gbé ọba ṣubú ti dé ọrùn mi. Mo rò ó pé bí ó bá jẹ́ Dọ́káàsì lóòótọ́, mo ti jẹ́ kó kọjá lọ, kò sì sí bí n óò ṣe sọ fún un pé mo gbọ́. Ọkàn mi bàjẹ́ ju ẹsẹ̀ mi lọ. Mo gbàdúrà nínú ọkàn, kì í ṣe àdúrà ẹlẹ́nu dídùn. Mo ní, "Jésù, n kò mọ ohùn ènìyàn yàtọ̀ sí ti iwin mọ́. Ìwọ mọ̀ ọ́n. Bí ó bá jẹ́ ìyàwó mi, má jẹ́ kó lọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé yóò lọ, sọ fún un pé mi ò bá a bínú nítorí ọ̀rọ̀ bàtà."

N kò tíì ṣe àmín tí mo gbọ́ ọ lọ́ọ̀ọ́kán. Dọ́káàsì ti kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ igbó, ó ní òun kò rìn mọ́, àdúrà ló kù. Ó sì fi ohùn tó ti ha kígbe gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àdúrà ní ìjọ wa: "Ẹ yìn Olúwa!"

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ mọ̀ bó ṣe ń rí. Bí a bá sọ ọ́ létí ẹni tó ń sùn, á dáhùn. Bí a bá sọ ọ́ létí ẹni tí oúnjẹ wà lẹ́nu rẹ̀, á dáhùn. Kí n tó rántí bàbá mi àti pàṣán rẹ̀, ẹnu mi ti là, ahọ́n tó wúwo ti fò sókè: "Halelúyà!" Igbó dáhùn gbì. Mo sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kò sí iwin tó lè ní ká yin Olúwa. Ọdẹ́yalé ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Ohun tó gbé e wá igbó, mo wá gbọ́ lẹ́yìn náà, ni pé ó gbọ́ ìró ìbọn mi láàárọ̀, ó retí ìwo kò gbọ́, ó retí ìfé kí ó lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kò gbọ́, ara rẹ̀ kò sì gbà á mọ́ ló bá sáré lọ pe Dọ́káàsì. Ọ̀tá tó dára bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Wọ́n gbé mi jáde sójú títì, wọ́n pe ọlọ́kadà kan, wọ́n fi ìborùn Dọ́káàsì dì mí mọ́ àárín òun àti Ọdẹ́yalé, a sì sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ibẹ̀, obìnrin kan tí kò fẹ́ràn àlàyé, gún mi ní abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò. Nígbà tí ojú mi wálẹ̀, mo ní Jésù ló gbà mí. Ó ní abẹ́rẹ́ ni. Mo ní ta ló fi abẹ́rẹ́ náà sínú fìríìjì dè mí? Ó ní òun ni. Mo ní ta ló rán ọ? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká pín in. Ọlọ́run mú yín dé ibí, abẹ́rẹ́ ṣe ìyókù. Àti pé ẹ sùn jẹ́jẹ́, ẹ kò sáré kiri, ìyẹn náà ràn yín lọ́wọ́." Mo sọ fún un nípa Agékúrò. Ó ní oró àti ibà ló ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ han ènìyàn. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. N kò bá dókítà tó mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ jiyàn.

Ọjọ́ ìkórè dé. Mo fi ọ̀pá rìn wọ ilé ìjọsìn, láìsí ẹfọ̀n. Ọdẹ́yalé mú òkété kan wá ní orúkọ mi, òkété tó rù! Wòlíì gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún mi kí n jẹ́rìí, mo sì jẹ́rìí bí akọni. Àlọ́ méjì di mẹ́fà, ọ̀bẹ Agékúrò gùn sí i, ìjọ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo parí, wòlíì ní kí Dọ́káàsì náà sọ tirẹ̀.

Ó dìde láàárín àwọn obìnrin. Ó ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́. Nígbà tí mo kúnlẹ̀ nínú igbó yẹn, kì í ṣe pé mo fẹ́ gbàdúrà kí n rí i láàyè. Mo ti gbà pé ó kú. Agbára tí n óò fi gbé òkú rẹ̀ délé ni mo fẹ́ tọrọ." Ìjọ rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n rò pé yóò bú mi. Kò bú mi. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un kẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà kò dára. Òun náà ni mo ń rò káàkiri igbó." Ó jókòó, ó fi ìborùn bo ojú, ó ń sunkún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, láti ìgbà tí mo ti ń ṣọdẹ, n kò rí ẹkún ìyàwó mi rí. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ní ìjọ wa, apá ọ̀tún ni ọkùnrin ń jókòó, apá òsì ni ti obìnrin, kò sì sí ọkùnrin tó gbọdọ̀ kọjá sí apá òsì nígbà ìsìn. Mo gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Mo fi ọ̀pá mi rìn kọjá láàárín ilé ìjọsìn, gbogbo ojú ń wò mí, mo dé ibi àga tí Dọ́káàsì wà. Ẹ̀ṣọ́ ìjọ dìde láti dá mi padà, wòlíì sì mi orí sí i pé kó jókòó. Àwọn obìnrin sún fún mi, mo sì jókòó tì í.